Rédíò Tí Kò Gbọ́dọ̀ Sọ̀rọ̀

Bàbá Ajíbóyè àti ìyàwó rẹ̀, Lydia, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá, ni wọ́n jọ gbé rédíò wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù Àmúdà lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà, lọ́dún tó tẹ̀lé èyí tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Káfíńtà ni Àmúdà, ó sì mọ rédíò í tún ṣe.

Àpótí rédíò náà kò jọ ti ẹnikẹ́ni ní Ìwó. Olúdáre, àkọ́bí wọn, tó jẹ́ tíṣà ní Kàdúná, ló fi igi òfì tí bàbá rẹ̀ fi hun aṣọ títí ó fi darúgbó kàn án. Ó ṣe é bí ilé: ó ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn méjì níwájú. Ikán ti wá jẹ ìdí rẹ̀. Màmá ní òun ń nu tábìlì lọ́wọ́ ni ẹsẹ̀ àpótí náà kan kán, tó sì ré lulẹ̀.

"Tètè bá wa ṣe é o, Àmúdà," ni Màmá wí. "Ilé dákẹ́ jù."

Bàbá ní kí Màmá máa lọ, òun ń bọ̀. Nígbà tó ti jìnnà díẹ̀, ó fa Àmúdà wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní mọ́tò ti pa Olúdáre. Pásítọ̀ ló wá túfọ̀ fún òun lóko. Àwọn ará ìjọ ní Kàdúná ti sin ín. Òun kò lọ, bàbá kì í mojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti bẹ gbogbo àdúgbò kí wọ́n panu mọ́ títí Yéwándé, àbúrò olóògbé, yóò fi dé láti Kùmásí wá dúró ti ìyá rẹ̀, nítorí dókítà ti kìlọ̀ pé ọkàn Màmá kò lè gba ìròyìn òjijì. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kéde òkú náà láti Ìbàdàn. Ta ni yóò bẹ rédíò?

"Tún igi rẹ̀ ṣe kó dán," ni Bàbá wí. "Èyí tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, má fọwọ́ kàn án."

Àmúdà tú ẹ̀yìn àpótí náà. Ikán jẹ igi lóòótọ́, ṣùgbọ́n wáyà bátìrì já láti ìdí, ikán kì í sì í já wáyà. Ó gbà pé Bàbá ló ṣe é. Kò bi í. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Láti ìgbà náà, ẹ̀rù Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ba Àmúdà. Bí Màmá àti Bàbá bá ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Màmá á yà, á béèrè bóyá rédíò ti ń sọ̀rọ̀. Àmúdà á ní gílóòbù inú rẹ̀ kan ló kù, wọn ò tíì fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Bàbá á máa wo ilẹ̀. Bó bá jẹ́ Màmá nìkan ló ń kọjá, á kí i, á béèrè àwọn ọmọ, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Àmúdà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Adùnọlá tó ń ta epo lódìkejì rí Màmá, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó yára ní èéfín ni. Màmá ní kó rọra, èéfín kò dára fójú.

Àmúdà fi ìrókò pààrọ̀ ìdí àpótí náà, ó sì kùn ún títí ó fi ń dán. Ọjọ́ tó parí rẹ̀ ni Yéwándé ránṣẹ́ pé òun ti wà lọ́nà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá nìkan ló wọlé. Ó ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà, ó tì í padà. Àmúdà tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gílóòbù.

Àgbàlagbà obìnrin náà kúnlẹ̀ fún un, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní, "Jọ̀wọ́, ọmọ mi, èmi ni mo já wáyà rẹ̀, má jẹ́ kó sọ̀rọ̀, Bàbá Olúdáre ò tíì mọ̀ pé ọmọ wa ti kú."