Bíbélì Valdenice Tó Wà ní Ṣíṣí Tí Kò Kà

Ìgbéraga ni àrùn tó ń ṣe Valdenice, ìyàwó Adelmo, ní abúlé wa létí odò. Ó gbà pé ìgbàgbọ́ òun ti pé, kò sí ohun tí òun tún fẹ́ kọ́. Bí àwa ará ibí ti máa ń ṣe, ó ṣí Bíbélì ńlá kan sí Sáàmù kọkànléláàádọ́rùn-ún, ó gbé e lé tábìlì pálọ̀ kó máa ṣọ́ ilé. Àràárọ̀ ló ń fi aṣọ nu ojú ewé méjì yẹn. Ọdún mọ́kànlá gbáko, kò ṣí ewé kankan kọjá ibẹ̀.

Àwa obìnrin tó kù, ẹbu tí Eronides, ọ̀kan nínú wa, ti ń ṣe gàrí là ń lọ ní gbogbo Ọjọ́rú. Bí a ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ là ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Bí ẹnì kan bá ka ẹsẹ kan, a ó béèrè ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó fa ọ̀rọ̀ náà. Nígbà mìíràn, ẹsẹ mẹ́ta péré la ó kà títí ẹ̀gẹ́ yóò fi tán nínú apẹ̀rẹ̀.

Eronides pe Valdenice títí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá jókòó tì wá."

"Kí n wá máa ka Á, B, D bíi jẹ́léósinmi? Ẹ wo Bíbélì yín, bí àkísà ìdáná. Tèmi mọ́ nílé."

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ẹ̀gbọ́n mi."

"Oyin tiyín, gàrí ló kún inú ẹ̀."

Nígbà tó yá, àìsàn dá Adelmo dùbúlẹ̀, dókítà sì ní ọwọ́ òun kò ká a mọ́, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí a lọ kí i, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Valdenice, ẹ̀rù ń bà mí. O mọ irú ayé tí mo jẹ. Olè tí wọ́n kàn mọ́gi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù ńkọ́? Kí ni Jésù sọ fún un? Kà á fún mi."

Valdenice kò mọ̀ ọ́n. Ó sáré lọ gbé Bíbélì rẹ̀. Ikán ti gba ẹsẹ̀ tábìlì gòkè, ojú ewé méjì tó ń nù yẹn nìkan ló kù, gbogbo abẹ́ rẹ̀ ti di eruku. Ó dà sí i lẹ́sẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti ń bínú sí i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn àánú rẹ̀ ṣe mí.

Eronides kúnlẹ̀ ti ibùsùn, ó sọ ọ́ ní àkọ́sórí. Olè náà kò ní iṣẹ́ rere kankan lọ́wọ́. Ó kàn ní kí Jésù rántí òun, Jésù sì ṣèlérí Párádísè fún un lọ́jọ́ náà.

"Lọ́jọ́ yẹn gan-an?" Adelmo béèrè.

"Lọ́jọ́ yẹn gan-an, bọ̀dá mi. Kò ní kó kọ́kọ́ lọ tún ayé ẹ̀ ṣe."

Ẹ̀rù kúrò lójú Adelmo. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú ní àlàáfíà. Ìyà tó jẹ Valdenice nìyẹn: ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ọkọ rẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọ̀fọ̀, Valdenice mú ọ̀bẹ rẹ̀ wá sí ẹbu. "Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ibi tí olè yẹn wà," Eronides dáhùn, ó sún àpótí fún un.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Lónìí, bí ara ẹnikẹ́ni kò bá yá lábúlé yìí, Valdenice ni a ń ránṣẹ́ pè kó wá ka Bíbélì fún un. Gàrí ti kún inú Bíbélì tuntun tirẹ̀ náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé Bíbélì tó wà ní ṣíṣí lórí tábìlì kò lè ṣọ́ ilé. Èyí tí a kà, tí a bi ara wa léèrè, tó sì wọ inú ọkàn, òun ni ikán kò lè jẹ. Ẹ tètè kó o jọ, nítorí ẹnì kan nínú ilé yín yóò béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan.