Ta Ló Ṣe Iṣẹ́ Yìí?

Ẹni kẹta tí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì náà pè láti wá yẹ sólà ilé rẹ̀ wò kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ tó ti ń bú èébú.

"Haba, Màmá! Ta ló ṣe iṣẹ́kíṣẹ̀ẹ́ yìí fún yín? Wáyà tín-ín-rín bí òwú! Wàláì, olè ni."

Báyìí gan-an ni àwọn méjì tó kọ́kọ́ wá ṣe bú ẹni tó ṣáájú wọn. Bẹ́ẹ̀, fíríìjì tí abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ti ń gbóná láti àná.

"Ilé wa àtijọ́ ni Bàbá, ọkọ mi, ti gbé iṣẹ́ náà fún un, ní Maitumbi. Èmi ò sí nílé lọ́jọ́ náà. A tú gbogbo rẹ̀ kó wá sí Tunga níbí. Láti ìgbà tó ti bàjẹ́, Bàbá ń pè é, kò gbé e."

"Ẹ tún pè é níṣojú mi. Ọ̀rọ̀ tí màá sọ sí i létí, kò ní fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì!"

Olùkọ́ mú fóònù ọkọ rẹ̀, ó fi pe nọ́ńbà ẹni náà. Àpò ṣòkòtò onísólà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó sáré fa fóònù yọ kó lè pa á, ṣùgbọ́n ojú tó ti fi ọgbọ̀n ọdún máàkì ìwé ọmọléèwé ti ka ohun tó wà lójú rẹ̀: "Bàbá Maitumbi. Má gbé e."