Ìwé Àṣẹ Òkè Kamẹrúùnù

"Ìyá yìí fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti gun òkè Kamẹrúùnù," ògbifọ̀ wí fún ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó wá sí Ugbonla, ìlú àwọn apẹja. "Ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ tó ń ru ẹrù òyìnbó kú sí."

"Kò ṣeé ṣe. Wọn ò rí òkú rẹ̀ rárá," ajẹ́lẹ̀ fèsì lédè òyìnbó.

Ògbifọ̀ wojú ìyá, àánú ṣe é. "Wọ́n ní àwọn ti sin ín sísàlẹ̀ òkè, létí òkun. Ẹ má wulẹ̀ gùn ún mọ́."

Ìyá nu ojú rẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Etí òkun ò gba ìwé àṣẹ. Màá bá àwọn apẹja wọkọ̀ lọ́la. Kí ni wọ́n fi sàmì sójú oórì rẹ̀?"

"Kí ló wí?" ajẹ́lẹ̀ béèrè.

Ògbifọ̀ wolẹ̀. "Ó ní ẹ ṣeun."