Má-dúró àti Ọ̀nà Yangí Ìyá Olóko

Télọ̀ kan wà tí kò ní sùúrù rárá. Kò jalè, kò mutí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti ní kó dúró díẹ̀ ti di ọ̀tá rẹ̀ nìyẹn. Yóò ti gé aṣọ tán kó tó rántí bi oníbàárà pé báwo ló ṣe fẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Má-dúró. Inú rẹ̀ wá ń dùn sí i bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi jẹ.

Má-dúró ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbá ọkọ náà pa lójú títì ọlọ́dà. Láti ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì ò gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jáde mọ́. Ó kàn ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀ wálé. Nígbà tó yá, ó gbọ́ pé ọ̀nà yangí kan wà lẹ́yìn ìlú tí mọ́tò kì í gbà, tó ń gun òkè kan, tó ń sọ̀ kalẹ̀, tó tún ń gun òmíràn, láàárín pápá tútù. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń sin màlúù ló ni ilẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Ìyá olóko ní, "Ẹ máa gbà á. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀ níbi odò, ẹ bọ́ sílẹ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín kọjá. Ibẹ̀ ni mò ń gbà lọ sọ́dọ̀ màlúù mi, etí mi ò sì gbọ́ràn mọ́. Bí ẹ bá ń lu agogo títí di ọ̀la, mi ò ní mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀."

Nọ́ọ̀sì kó àwọn ará ìlú tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ jọ síbẹ̀, bí ẹgbẹ́ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo rí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, erùpẹ̀ pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, ó ń kọrin. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Má-dúró náà wọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá mọ òkè lórí kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé eré tí èèyàn bá sá sọ̀ kalẹ̀ ló ń gbé e gun òkè tó kàn. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀, agbára ẹsẹ̀ nìkan ló máa fi gun ún. Èyí ni Má-dúró ò lè fara dà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń bọ́ sílẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nítòsí. Nígbà tó yá, ó ń ṣáájú, ó ń wo ọ̀tún wo òsì, ó sì ń fò kọjá. Òun ló ń kọ́kọ́ dé orí òkè. Àwọn yòókù a dé, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n á máa kan sáárá sí i. Wọ́n tilẹ̀ fi ṣe olórí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígùn.

Káfíńtà kan nínú wọn bi í pé, "Má-dúró, ṣé o máa ń bọ́ sílẹ̀ lódò ṣá?"

"Ẹ̀gbọ́n, mò ń bọ́ sílẹ̀ o. Ẹsẹ̀ yín ló ti darúgbó."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tó ń sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni pé, "Ẹni tó bá tẹ bíréèkì nísàlẹ̀, òkè á fojú ẹ̀ rí nǹkan. Ṣebí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀?"

Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Lọ́jọ́ kan, bí Má-dúró ṣe ń já bọ̀ láti òkè, Ìyá olóko yọ láti inú koríko pẹ̀lú ẹrù koríko lórí, ó kẹ̀yìn sí i.

"Ẹ yà! Màmá, ẹ yà o!"

Ìyá ò wẹ̀yìn. Má-dúró fún bíréèkì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n yangí kì í ṣe ọ̀dà, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yọ̀, ó sì gbé ìyá náà ṣubú. Egungun ìbàdí ìyá ṣẹ́. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Má-dúró náà ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì, tó ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn yòókù, sáré dé, ó gbé orí ìyá lé itan ara rẹ̀ títí ọmọ ìyá náà fi wa katakata dé.

Ọmọ náà bi Má-dúró pé, "Kí ló dé tó ò bọ́ sílẹ̀?"

"Mo pariwo, wọn ò yà ni."

"Ìyá mi ò gbọ́ràn. Ìdí tí wọ́n fi bẹ̀ yín nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá ní ọsibítù, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìyá wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, mi ò bá ọ jà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan péré ni mo sọ. Ṣé ó pọ̀ jù ni?" Kò pẹ́ sígbà náà ni ọmọ ìyá gbé géètì onírin dí ọ̀nà náà, ó sì fi àgádágodo tì í.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ padà sójú títì, wọ́n ń fi ìbẹ̀rù gun kẹ̀kẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ò lè bá wọn lọ. Ní ti Má-dúró, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ jinná, àmọ́ ó wọ́. Sísọ́ọ̀sì ò tẹ̀ lé ìlà mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà sì wá ń kó aṣọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó rí i pé wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ ara ògiri, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ bá mi wí. Ẹ nà mí pàápàá."

"Dìde. Mi ò bínú sí ọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ibì kan ṣoṣo ló kù láyé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ tí mi ò ní máa rí òkú ọkọ mi lójú ọ̀nà. Ìwọ lo tì í mọ́ mi."

Ó bi í bóyá ó ti jẹun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ kejì. Má-dúró jókòó síbẹ̀, ó ń sunkún.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀nà tí mọ́tò kì í gbà kì í ṣe ọ̀nà tí kò lólóhun. Ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ rẹ̀ fún wa lè má béèrè ju ohun kékeré kan lọ, ohun kékeré yẹn gan-an ló sì ń dáàbò bo ẹ̀mí ẹnìkan tí a ò rí. Àìsùúrù ẹnìkan a máa gba ìtùnú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, a sì máa kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn onítọ̀hún jù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Bí wọ́n bá ní ká bọ́ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká bọ́ sílẹ̀.