Olújìnmí

Bí Fọláṣayọ̀ kò bá kó ìwé àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, ó di ẹ̀yìn ọdún kan kó tó tún láǹfààní. Síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ yẹn ló gba ẹ̀yà tuntun ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá a to orúkọ àwọn òǹkọ̀wé tó tọ́ka sí. Bí ètò náà ṣe ṣí, gbogbo orúkọ ti di ẹyọ kan: Olújìnmí. Kò ka ìwé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó pe Adégòròyè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, lórí fóònù.

"Pa á, kó o tún un tàn."

"Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Olújìnmí, Olújìnmí, Olújìnmí! Ó ti sú mi."

Ilẹ̀ ti ṣú, òun nìkan ló kù ní ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí òkú eku tó ti jẹrà. Ó wo abẹ́ tábìlì, kò rí nǹkan kan. Òórùn náà le sí i, ó sì tutọ́ sínú áńkáṣífù. Ó wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀, bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ìró náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ?" ni Adégòròyè bi í láti inú fóònù.

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ta ló wá ń sọ pé òun ti dé, pé o pe òun lẹ́ẹ̀mẹ́ta?"

Fọláṣayọ̀ di imú rẹ̀. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ń yí díẹ̀díẹ̀, ọyún sì ń kán láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́.