Ìbora Alábùlẹ̀ Ìyá Òkété

Àlọ́ mi já gììrì, kò balẹ̀ síbòmíràn, àfi orí Ìyá Òkété tí abẹ́rẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dún tí yìnyín bo ilẹ̀ funfun bí òwú, ó ń kiri ilé àwọn ẹranko: “Ẹ fa díẹ̀ ya fún mi létí aṣọ yín, kí n fi rán ìbora tí gbogbo wa máa jọ dà bora.” Gbogbo wọn fún un. Ìkookò nìkan ló yínmú: “Èmi? Kí n fa agbádá sányán mi ya?”

Ọjọ́ tí ìbora parí ni Ìkookò jí i gbé. Wọ́n mú un dé iwájú Kìnnìún ọba, ó ní bàbá òun ló fi sílẹ̀ fún òun. Ìyá Òkété ò bá a jà. Orin ló dá:

Àgbọ̀nrín, aṣọ rẹ dà?
*Ó ń bẹ níbẹ̀!*
Ọ̀yà, aṣọ rẹ dà?
*Ó ń bẹ níbẹ̀!*

Ẹni tó bá pè á jáde, á fi ojú ibi tí aṣọ rẹ̀ ti ya wé àbùlẹ̀ inú ìbora. Gbogbo rẹ̀ bára mu rẹ́gí.

Ìkookò, aṣọ rẹ dà?

Sányán rẹ̀ ò ya níbì kankan.

Kìnnìún bú sẹ́rìn-ín: “Ìyá Òkété, ẹ gbé ìbora yín!”

Tijótayọ̀ ni wọ́n fi gbé e relé. Kò pẹ́ ni Ìkookò dé ẹnu ọ̀nà, tí eyín rẹ̀ ń lura wọn, tó di ìrépé sányán mọ́wọ́: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an mọ́ ọn.”

Ìyá Òkété na abẹ́rẹ́ sí i: “Jókòó, kí o rán an fúnra rẹ.”

Ibẹ̀ ni mo ká àlọ́ mi sí. Ẹni tí òtútù bá ń mú, kó mú aṣọ wá.