Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Yẹ Kí Ó Mọ́

Obìnrin ayẹ̀jẹ̀wò kan dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó jókòó, ó tún dìde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ ń rìn bí ẹni tí ìjàlọ kó sí láṣọ," ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wí.

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kẹ́míkà tí ẹ fi ń kun ìkòkò nílé iṣẹ́ yín kì í tètè jáde lára. Ó lè sọ sẹ́ẹ̀lì ara di arúgbó láìtọ́jọ́."

"Ìbòmú kì í kúrò nímú mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá dá yín láre, màá fiṣẹ́ sílẹ̀."

Ẹ̀jẹ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀rọ: ti àbúrò, àti ti ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ tí ó fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí kò tẹsẹ̀ bọ ilé iṣẹ́ náà rí.

Èsì jáde. Sẹ́ẹ̀lì àbúrò fi ọdún méjì ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ti ẹ̀gbọ́n fi mọ́kànlá. Ó yẹ orúkọ ara ìgò wò lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí àṣìṣe.

"Kí ni o fi ń se oúnjẹ nílé?" ni ó bèèrè.

"Ìkòkò irin màmá wa. Àwọn tuntun tí wọ́n ń fún wa níbi iṣẹ́ lọ́dọọdún, ṣebí ẹ̀yin ni mo ń kó gbogbo wọn fún? Ẹ ní ẹyin tí ẹ ń dín fún àwọn ọmọ kì í lẹ̀ mọ́ wọn."